Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Já Lulẹ̀ Lẹ́nu Tíṣà

Ní ọdún 1917, kò tíì sí ẹnì kan ní Ṣakí tó fojú rí ọkọ̀ òfuurufú. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má mọ gbogbo nǹkan nípa rẹ̀. Bàbá Adégbénró, tí kò rìn kọjá Ìgànná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, lè sọ fún ọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń dún, bí èéfín rẹ̀ ṣe ń rùn, àti irú igi tí àwọn òyìnbó fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀. Bí o bá bi í pé ta ló sọ fún un, á wò ọ́ látòkè délẹ̀ bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé, á ní, "Ìwé ló sọ ọ́. Tíṣà ló kà á."

Tíṣà tó kà á yẹn ni Cornelius Oyèlékè, òun náà la sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Ọmọ ahunṣọ ni. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ wò ó títí lórí òfì, ó ní ọwọ́ ọmọ yìí kò yá, ó fà á lé àwọn oníwàásù lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ á yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ yá. Ó padà sílé pẹ̀lú ìwé kíkà, orúkọ tuntun, àti kóòtù dúdú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ABD, ní ọjọ́ Ìsinmi ó ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ, ní ìrọ̀lẹ́ ó ń kọ ebè bíi ti gbogbo ènìyàn. Kóòtù dúdú yẹn kì í kúrò lórí èèkàn àfi fún nǹkan méjì péré: bí ó bá fẹ́ ka Ìwé Mímọ́, àti bí ó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ ló tó yé e pé kóòtù kan náà fún ìwé méjèèjì lè da ìlú láàmú.

Èkó ni ìwé ìròyìn náà ti ń wá. Tíṣà kan ní Ìsẹ́yìn ló ń gbà á. Bí òun àti ará ilé rẹ̀ bá kà á tán, á fi rán àwọn tó ń ru aṣọ lọ sí Ṣakí. Kí ó tó dé, ìròyìn inú rẹ̀ á ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, epo á ti kán sí i, ẹnì kan á sì ti ya igun kan mú láti fi di iyọ̀. Ìròyìn tó wà ní igun yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí ọjà bá tú ni wọ́n ń kà á, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Kristẹni á wá, Mùsùlùmí á wá, àwọn tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì á sì jókòó sí iwájú. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣakí: ìránṣẹ́ ni wọ́n ka ìwé sí. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀, wọn á kọ́kọ́ kí i, wọn á sì bi í léèrè títí tí inú rẹ̀ á fi ṣófo. Nítorí náà bí Cornelius bá ti fa ìwé yọ, wọn á ní, "Ìwé, ẹ kú ọ̀nà o. Èkó ńkọ́?"

Cornelius á ní, "Wọ́n ní ẹ kú ilé. Àlàáfíà ni Èkó wà."

Kò sí níbi kankan nínú ìwé náà tí wọ́n kọ pé ẹ kú ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí àlejò dákẹ́ nígbà tí wọ́n kí i?

Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé ìkíni ló nira. Bí ó bá kà pé ìjòyè kan ní Èkó sin ìyá rẹ̀, Bàbá Adégbénró á ní, "Bi í, màlúù mélòó ni wọ́n pa?" Akọ̀wé ọ̀dọ́ kan tó ń kọjá lọ sí Àgọ́-Àrẹ ti bá wọn kà á rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, "Kò sí níbẹ̀." Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní ìwé tí ọmọ náà kà kò tíì dé ibẹ̀ ni. Cornelius kò fẹ́ kí wọ́n bá òun kẹ́dùn. "Màlúù méjìlá," ni ó dáhùn, ìlú sì mi orí. Màlúù méjìlá yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó pẹ́ kí ó tó rántí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ká sòótọ́, ìwé ìròyìn náà kì í ṣe ẹni tó yẹ kó bá a wí. Láti ìgbà tí ogun àwọn òyìnbó ti bẹ́, kò sí ohun tó ń wù ú bíi kí ọkọ̀ òfuurufú já. Bí ọkọ̀ kan bá já ní ìlú òyìnbó, ìwé á ní ènìyàn méjì kú. Èyí tó dé tẹ̀ lé e á ní ènìyàn méje. Èyí tó dé lẹ́yìn ìyẹn á ní awakọ̀ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá a kẹ́dùn. Ó kú, ó tún dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹni tó ń kọ ọ́ jókòó ní Èkó, ọkọ̀ já ní ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó dé, síbẹ̀ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ sọ kẹ́yìn. Kì í sì í sọ pé òun ṣì í sọ. Gbólóhùn tó fẹ́ràn jù ni "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀". Lẹ́yìn rẹ̀ á wá sọ ohun tí kò sọ rí láyé.

Cornelius ń rí i. Nígbà míì á dúró lórí gbólóhùn kan, á ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ṣé ìwé kì í tijú ni? Ìbéèrè kejì á fẹ́ tẹ̀ lé e, nípa ìwé kejì tó ń wọ kóòtù kà. Á yára ṣí ojú ewé míì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ àwọn aláàárù tí yóò bá àwọn sójà ru ẹrù lọ sí ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn Jámánì jà. Mẹ́ta ló lọ láti àdúgbò ilé ìwé. Wọ́n dá méjì padà láti Èkó nítorí ẹsẹ̀ wọn wú. Ẹni kan ṣoṣo tó wọ ọkọ̀ ojú omi ni Ládòkun, ọmọ Àwáwù. Àwáwù jẹ́ opó tó ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ. Ìyàwó Ládòkun ni Sàrátù, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ tí Ládòkun ti lọ, àwọn méjèèjì kì í pa ọjọ́ ìwé kíkà kan jẹ. Wọn á dúró sí ẹ̀yìn, Àwáwù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ òwú rẹ̀, Sàrátù pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Cornelius wọ kóòtù, wọ́n kí ìwé, ìwé kí wọn. Ó fi ìka sí abẹ́ ìlà, ó kà á bó ṣe wà gẹ́lẹ́: "A gbọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú kan já lulẹ̀ lórí àgọ́ àwọn aláàárù wa ní ìhà ìlà oòrùn. Ariwo rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn kan kú."

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí polówó ọṣẹ.

Kẹ̀kẹ́ òwú Àwáwù dúró.

Bàbá Adégbénró tẹ ara síwájú. "Bi í, aláàárù ibo?"

"Aláàárù tiwa."

"Ará Ṣakí wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Tíṣà, bi í dáadáa. Mélòó ló ṣẹ́ kù?"

Ìka Cornelius wà lórí ìwé. Ó wá ìdáhùn lábẹ́ ìka náà, ọṣẹ ló rí. Ká ní ó dákẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti fi ọdún mẹ́rin bá ìwé dáhùn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Kò sí," ni ó wí.

Kò sí ẹni tó bi í pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Igbe Àwáwù kò jẹ́ kí àyè rẹ̀ yọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn aáfà ti pé sí agbo ilé Ládòkun. Wọ́n kírun sí òkú tí kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n jẹun. Sàrátù bọ́ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́, ó jókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn àgbà agbo ilé ti fẹnu kò pé bí ó bá ti parí rẹ̀, Ràmọ́nì, àbúrò Ládòkun, ni yóò ṣú u lópó. Ràmọ́nì kò burú. Ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tinútinú, ó nu ojú, ó wá lọ gé koríko tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún orí yàrá Sàrátù ṣe kí ẹnikẹ́ni tó rán an.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé míì dé. Cornelius ṣí i ní ilé rẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀, aláàárù mẹ́rin ló kú." Ó ká a, ó fi sí abẹ́ ẹní. Ó sọ fún ìlú pé èyí tó dé kò ní nǹkan gidi nínú.

Ìwé tó tẹ̀ lé ìyẹn wá ní: "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀, inú igbó ni ọkọ̀ náà balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ awakọ̀ rọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì kú."

Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀, Mọ́ládé, tó ń ro ẹ̀kọ lórí iná. Mọ́ládé kò gbójú sókè.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì," ni ó wí. "Ṣé wọ́n ti kírun fún wọn?"

"Mọ́ládé, ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́."

"Èmi náà kò ṣàwàdà. Ẹ ka èyí fún wọn lọ́jà ọ̀la. Ẹ ní ìwé ló purọ́. Ṣebí òun ló purọ́?"

Cornelius ká ìwé náà, ó tún tú u. Mọ́ládé wá gbójú sókè. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

"Háà," ni ó wí. "Bàbá Àtinúkẹ́. Kí ni ẹ fi kún un?"

Ní ọjà ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù, ó ka ìròyìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sókè ketekete. Ó rò pé ìwé yóò ti ara rẹ̀ tú ohun tí òun dì. Ìlú gbọ́ ọ, wọ́n rò ó, wọ́n sì bá ìwé ṣẹjọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn ṣẹjọ́.

"Bi í," ni Bàbá Adégbénró wí, "Ládòkun ńkọ́?"

"Kò dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Bí ó bá wà láàyè, ìwé á dárúkọ rẹ̀. Ìwé tó ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni yóò fo ọmọ wa?"

Wọ́n yíjú sí Lèmọ́ọ̀mù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó ní ọ̀rọ̀ òun kò pọ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́ kù. Ẹlẹ́rìí kejì sọ̀rọ̀ nípa ẹranko, kò sọ pé ẹni àkọ́kọ́ purọ́. "Bí èyí tó sọ pé kò sí ẹni tó ṣẹ́ kù bá padà wá sọ pé òun kò wí bẹ́ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jí ẹni tí a ti kírun fún."

Ìlú ní ó gbọ́n. Ó sì gbọ́n lóòótọ́, ìyẹn ló mú un nira. Ẹni tó lè padà wá sọ pé òun kò wí bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù dúdú, tí òógùn ń bo lójú.

Ó gbàdúrà. Àárọ̀ lẹ́yìn àárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní, lórí ìwé ìròyìn tó fi pamọ́. Ó bẹ Ọlọ́run kó mú Ládòkun padà kí opó Sàrátù tó pé. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ kí òun má bàa la ẹnu. Àdúrà náà ń padà bọ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí òkúta tí wọ́n jù sókè. Nígbà míì á dákẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, á máa rò ó: èmi tí mo wà ní Ṣakí níbí, mo fi ẹnu ara mi pa ènìyàn tó wà lókèèrè, ìlú gbà á gbọ́ nítorí ó jáde láti inú ìwé. Àwọn tó kọ̀wé nígbà láéláé, tí ìlú sì ń bi wọ́n léèrè, ṣé wọ́n lè dákẹ́? Á ní, "Olúwa, dárí jì mí." Á dìde. Ọlọ́run kò bínú sí i, kò sì dá a lóhùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí opó Sàrátù pé nígbà tí Àwáwù mú un wá sí ilé ìwé. Ọmọdé ti lọ sílé. Sàrátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò so yìgì mi pẹ̀lú Ràmọ́nì."

"Mo gbọ́."

"Èmi kò mọ ìwé. N kò sì rí òkú ọkọ mi. N kò rí ibojì rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìka yín sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí n lè sọ pé mo rí nǹkan kan."

Ó rọrùn láti sọ ọ́ nígbà yẹn. Ènìyàn méjì péré ni, obìnrin ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ Cornelius lọ sí àpótí, ó mú ìwé náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìka rẹ̀ rìn lórí àwọn ìlà. Ó kọjá lórí "àwọn kan kú," nítorí ìyẹn kò tó. Ohun tí òun sọ ni obìnrin yìí wá wò, kì í ṣe ohun tí ìwé sọ. Ìka náà dúró sórí ọṣẹ.

"Ibí ni," ni ó wí.

Sàrátù dìde, ó tẹ̀ ba ìwé náà. Ó fi ìka tirẹ̀ síbẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó sùn. Omi ojú rẹ̀ kán sórí rẹ̀. Ó ń sunkún lórí ìpolówó ọṣẹ, ó ń pe oríkì Ládòkun sí i lábẹ́ ohùn, ó ní kó má bínú, ó ní òun kò lè ṣe ju báyìí lọ. Àwáwù dì í mú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Mọ́ládé wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin náà fi í sí, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé tó tutù.

"Ẹ lọ sọ ọ́," ni ó wí.

"Wọn kò ní gba ohun tí mo bá kà gbọ́ mọ́."

"Ṣé ẹ ń ka nǹkan kan fún wọn tẹ́lẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Agbo ilé Ládòkun kún. Ràmọ́nì wé láwàní funfun, koríko tuntun ń dán lórí yàrá Sàrátù, Lèmọ́ọ̀mù ti jókòó sórí ẹní. Cornelius wọlé láìwọ kóòtù. Àwọn kan kò tètè dá a mọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyẹn fúnra rẹ̀ pa ariwo, nítorí Tíṣà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní agbo ilé àwọn Mùsùlùmí.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni ó wí, "ìwé kò sọ pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù. Èmi ni mo sọ ọ́. Ìwé ní àwọn kan kú. Ìwé kò dárúkọ Ṣakí. Kò dárúkọ Ládòkun."

Ràmọ́nì dìde.

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́?" Ràmọ́nì ló bi í. Láwàní rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Wọ́n bi mí ni."

"Wọ́n bi ọ́! Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ìyá rẹ ńkọ́, ṣé wàá pa á ni?"

Bàbá Adégbénró yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń ka nǹkan lórí ìka. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ kó.

"Màlúù méjìlá ńkọ́?"

"Tèmi ni, bàbá."

"Gbogbo méjìlá?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Igi tí wọ́n fi ṣe ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú? Ìrókò tí o ní wọ́n ń lò?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí pé ṣé ìrókò ni, bàbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Adégbénró kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gidigidi; ó ti sọ fún gbogbo ará Ìgànná.

Lèmọ́ọ̀mù ká ẹní rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹlẹ́rìí ti padà sẹ́yìn. Ìyàwó oníyàwó ni. N kò so yìgì kankan lónìí." Ó dìde, ó dúró lórí Cornelius tó ṣì wà nílẹ̀. "Tíṣà, mo ní ìbéèrè kan, má bínú. Ìwé tó ò ń kà fún àwọn èèyàn rẹ ní ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?"

Kì í ṣe ẹ̀gàn. Ọkùnrin náà fẹ́ mọ̀ ni. Cornelius gbójú sókè láti ilẹ̀.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ń kà," ni ó wí.

"O wà níbẹ̀ ni?"

"N kò sí níbẹ̀."

Lèmọ́ọ̀mù mi orí díẹ̀, bí ẹni tí òun náà ní ìwé nílé. Ó jáde.

Nínú yàrá tó ní koríko tuntun, ohùn obìnrin kan dún. Kì í ṣe ẹkún. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò pè é.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé mọ́. Ìlú kò lè wà láìní ìròyìn, wọ́n wá lọ fi ara mọ́ Gbádébọ̀, akọ̀wé àwọn tó ń ra òwú. Gbádébọ̀ kì í ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Méjì méjì ló ń ní, kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n. Inú ìlú dùn sí i. Ní ìjọ, àga mẹ́ta ṣófo. Cornelius ń ka Ìwé Mímọ́ láìwọ kóòtù. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, á ní, "Ìwé kò sọ." Ìgbà àkọ́kọ́ tó wí i, ẹnu rẹ̀ korò bí ẹni gbé ewúro mì. Ó ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìyanu mọ́; ó ń kúnlẹ̀ lásán, bí ẹni tó wá kí àgbà kan tí kì í dáhùn, tí kò sì lé e.

Ọyẹ́ ọdún kejì ló mú Ládòkun dé. Ó gbẹ, ó dúdú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kò sí mọ́. Àwáwù dákú, ó jí, ó tún dákú. Ràmọ́nì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi orí yàrá tó tún ṣe hàn án. Ládòkun ní koríko náà dára.

Ìlú pé lé e lórí kó tó jẹun tán.

"Sọ ti ọkọ̀ òfuurufú fún wa," ni Bàbá Adégbénró wí.

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó já lù yín."

Ládòkun wo ojú wọn kiri. "Bàbá, ìrẹsì ni mo rù. Mo ru ìrẹsì fún oṣù mẹ́wàá nínú ẹrọ̀fọ̀. Ebi ló pa àwọn tó kú lọ́dọ̀ wa, ebi àti ìgbẹ́ ọ̀rìn. N kò fojú kan ọkọ̀ òfuurufú rí."

"Kò yé ọ," ni Bàbá Adégbénró wí pẹ̀lú sùúrù. "Ó já. Àwa gbọ́ ọ níbí."

"Èmi ni mo wà níbẹ̀, bàbá."

"Kí ló wá dé tí o kò rí i?"

Ìròyìn ebi àti ìgbẹ́ ọ̀rìn yẹn, ìwé kankan kò gbé e, Gbádébọ̀ kò sì rí ẹni bi í nípa rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Ládòkun àti Sàrátù wá kí Cornelius. Ládòkun kò bínú. Ó ní láàárín gbogbo ohun tó gbìyànjú láti pa òun, ti Tíṣà ló rọrùn jù. Sàrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi tábìlì, ó dúró.

"Tíṣà, ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Cornelius mú un jáde. Ibi tí omi ojú kán sí ti pọ́n, ó ti le.

"Kí ni wọ́n kọ síbi tí mo fọwọ́ sí?"

Ó wò ó lójú. "Ọṣẹ ni. Ìpolówó ọṣẹ."

Sàrátù tẹjú mọ́ ìlà náà fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Mọ́ládé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọṣẹ náà," ni Sàrátù wí níkẹyìn, "ṣé ó dára?"

Ìdáhùn ti dé ẹnu Cornelius kó tó mọ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó dára gan-an, ó ń hó, ó ń ta sánsán. Ó gbé e mì.

"Ìwé ní ó dára," ni ó wí. "Èmi kò tíì fi wẹ̀ rí."